Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ World Athletics: Ẹ Kọ Òtítọ́ sí Ẹ̀gbẹ́ Àwọn Àkọsílẹ̀ Àgbáyé

Sí Ọ̀gbẹ́ni Sebastian Coe, Ààrẹ World Athletics, àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré ìdárayá orí pápá.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ètò. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tó ń ná ènìyàn kí orúkọ rẹ̀ tó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 41.73 tí ẹ fi sá ẹgbẹ̀rin mítà ní Florence ní ọdún 1981 dúró fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí Wilson Kipketer tó sá a kọjá. Nítorí náà, n kò ní máa ṣàlàyé iyì àkọsílẹ̀ àgbáyé fún yín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ní Tokyo. Òjò ti rin pápá, omi ń ta sókè lábẹ́ bàtà àwọn obìnrin tó ń sá àṣekágbá irinwó mítà, síbẹ̀ Sydney McLaughlin-Levrone ti Amẹ́ríkà parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 47.78, Marileidy Paulino ti Dominican Republic sì tẹ̀ lé e ní 47.98. Láti ọdún 1985, kò sí obìnrin kan tó tún sáré wọ abẹ́ 48 mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, méjì sì wọ ibẹ̀ papọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àgbáyé kò yí padà, nítorí pé 47.60 ló wà nínú ìwé yín. Ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, nínú adágún ìwẹ̀ ní Singapore, Summer McIntosh ti Kánádà wẹ igba mítà ti ọ̀nà ìwẹ̀ tí wọ́n ń pè ní labalábá ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 1.99. Àkọsílẹ̀ tó ń lé ni 2:01.81 tí Liu Zige ti Ṣáínà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2009. Ẹ yọ ọ́ wò: ìdá méjìdínlógún kan náà ni. Obìnrin méjì, eré méjì, nínú ọdún kan ṣoṣo, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, ohun tó sì dí wọn lọ́nà jẹ́ àkọsílẹ̀ tí gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa eré mọ̀ pé ìbéèrè wà lórí ìgbà tó ti wá. Ti McIntosh kì í ṣe ẹjọ́ yín, World Aquatics, àjọ eré ìwẹ̀ àgbáyé, ló ni í, ṣùgbọ́n màá padà sórí rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe pé kí ẹ pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ohun tó ń kà. Ẹ jẹ́ kí n to ìdí mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Canberra ní Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1985, níbi ìdíje World Cup ti eré orí pápá, Marita Koch ti Ìlà-Oòrùn Jámánì sáré ní ojú ìlà kejì, ó sì parí irinwó mítà ní 47.60. Wọn kò ká oògùn kankan mọ́ ọn lára rí nínú àyẹ̀wò, òun fúnra rẹ̀ kò sì gbà rí pé òun rú òfin. Ó yẹ kí n kọ èyí kí n tó kọ ohun tó kàn, nítorí ẹni tó ń béèrè òtítọ́ kò gbọdọ̀ bù ú kù.

Ohun tó kàn ni pé ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì ní ètò àṣírí kan, State Plan 14.25, tí wọ́n fi ń fún àwọn eléré ìdárayá wọn ní oògùn amúnilágbára láti ọdún 1974 títí tí ìjọba náà fi dojú dé. Jenapharm, ilé iṣẹ́ apoògùn ti ìjọba, ló ń ṣe Oral-Turinabol, hóró oògùn kékeré tí wọ́n ń kó lé àwọn ọmọdébìnrin lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ fún wọn pé fítámì ni. Lẹ́yìn tí odi Berlin wó, Brigitte Berendonk, tó ti ju àwo rí fún Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, àti ọkọ rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Werner Franke, rí àwọn ìwé àṣírí náà gbà, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde. Orúkọ Koch wà nínú ohun tí wọ́n tẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n oògùn tí ìwé náà sọ pé ó lò. Ní oṣù Keje ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kan ní Berlin dá Manfred Ewald, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún eré ìdárayá níbẹ̀, àti dókítà Manfred Höppner lẹ́bi. Àwọn obìnrin tí oògùn náà ti yí ohùn wọn padà, tí ara wọn kò sì padà sípò mọ́, wá síwájú adájọ́, wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ìwé wà, ẹlẹ́rìí wà, ìdájọ́ wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí ìwé yín lónìí yóò rí 47.60, orúkọ, ìlú àti ọjọ́, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kan péré tó sọ fún un irú ìgbà tí wọ́n sá a.

Ẹ lè sọ pé kò sí bí ẹ ṣe lè fọwọ́ kan ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ines Geipel wà nínú àwọn mẹ́rin tó sá eré àfọ̀págbé ti ẹgbẹ́ Jena ní ọdún 1984, àkọsílẹ̀ wọn sì wà nínú ìwé orílẹ̀-èdè. Nígbà tó mọ ohun tí wọ́n ti fi sí òun lára láìgba ìyọ̀ǹda òun, ó kọ̀wé sí àjọ eré orí pápá ilẹ̀ Jámánì pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, wọ́n sì fi àmì ìràwọ̀ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Àmì kékeré kan ni, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́. Ẹ̀yin náà ti lo agbára yìí rí: lẹ́yìn tí Ben Johnson, asáré ọgọ́rùn-ún mítà ti Kánádà, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Kánádà pé òun ti ń lo oògùn tipẹ́, àjọ yín yọ 9.83 tó sá ní Rome ní ọdún 1987 kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò kò mú un ní Rome.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ irinwó mítà fi ń dùn mí ju òmíràn lọ. Falilat Ogunkoya, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, sá 49.10 ní Atlanta ní ọdún 1996, ó gba idẹ lẹ́yìn Marie-José Pérec àti Cathy Freeman, àkókò yẹn sì dúró bí àkọsílẹ̀ Áfíríkà fún ohun tó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré ní ilẹ̀ wa ń fi 49.10 ṣe àfojúsùn, wọ́n sì rí i pé ó tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ tó yà á sọ́tọ̀ sí ti Koch. Kí ni a fẹ́ kí wọ́n rò? Pé àwọn obìnrin ìgbà àtijọ́ lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni àbí pé nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn? Jarmila Kratochvílová ti Czechoslovakia náà sá ẹgbẹ̀rin mítà ní 1:53.28 ní Munich ní ọdún 1983, ó sì lé ní ogójì ọdún tí ẹnì kan kò fi lè bá a. N kò fi ẹ̀sùn kan òun. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí àpò ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ kankan láti ìgbà náà tí ẹnikẹ́ni lè gbé wá sí ilé àyẹ̀wò lónìí, ó sì yẹ kí ìwé yín sọ bẹ́ẹ̀.

2. Ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn, afẹ́fẹ́ ni. Òfin yín sọ pé bí afẹ́fẹ́ tó ń ti asáré láti ẹ̀yìn bá ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àkókò yẹn kò lè jẹ́ àkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1988, Florence Griffith-Joyner sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 10.49, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà eré sì ka 0.0, bí ẹni pé ewé kò mì. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ tó wà níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fò lẹ́ẹ̀mẹta, lórí pápá kan náà, ka 4.3. Nínú ìpele kan náà, ẹ̀rọ ojú ọ̀nà eré fúnra rẹ̀ ka afẹ́fẹ́ tó ju òfin lọ fún díẹ̀ lára àwọn obìnrin tó sáré lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1995, onímọ̀ físíìsì Nick Linthorne kọ ìwádìí kan fún àjọ yín, ó sì parí ọ̀rọ̀ síbi pé afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà wà láàárín mítà márùn-ún sí méje. Àwọn oníṣirò eré orí pápá ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ọdọọdún tiwọn láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn pé ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti ran 10.49 lọ́wọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ìwé tiyín ṣì ń sọ 0.0 láìsí àlàyé. Elaine Thompson-Herah sá 10.54 ní Eugene ní ọdún 2021 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí òfin gbà. Ta ló lè sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni obìnrin tó yára jù lọ?

3. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ wa. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní 12.12 ní ìpele kejì sí àṣekágbá ní Eugene, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022. Afẹ́fẹ́ ka 0.9. Ó fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ síwájú 12.20 ti Kendra Harrison, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ó tún sá 12.06 ní àṣekágbá, ó sì gba wúrà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ka 2.5, ẹ kò sì gbà á. Àwa náà kò jà. Òfin ni òfin, a sì fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó yí, Michael Johnson, tó ti gba wúrà Òlíńpíìkì rí, ti sọ ọ́ síta pé bóyá aago ni kò ṣe déédéé, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ló sáré ju ti tẹ́lẹ̀ wọn lọ nínú ìpele yẹn. Àwọn mìíràn ní bàtà ni, bẹ́ẹ̀ bàtà náà wà lára èyí tí òfin yín gbà. N kò bínú pé wọ́n béèrè, nítorí ìbéèrè ni mo fi lẹ́tà yìí béèrè pẹ̀lú. Ohun tó ká mi lára ni bí iyèméjì ṣe ń tètè bá ọmọ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó sáré lójú kámẹ́rà, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù, tó ṣe àyẹ̀wò oògùn bí òfin ṣe wí, nígbà tí àkọsílẹ̀ tí ìwé ilé ẹjọ́ yí ìgbà rẹ̀ ká ń sùn ní àlàáfíà fún ogójì ọdún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì fọwọ́ sí i, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò rí i kí ẹ gbé àwọn ìwé àyẹ̀wò náà síta fún aráyé, títí di òní ni àwọn kan sì ń fi aago náà ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ tún wo èyí. Kí Harrison tó sá 12.20 ní London ní ọdún 2016, Yordanka Donkova ti Bulgaria ló ni àkọsílẹ̀ náà, 12.21, láti ọdún 1988. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló dúró. Ká ní Donkova ti sá 12.00 lọ́jọ́ yẹn, Amusan ì bá sá 12.12, a ì bá pàtẹ́wọ́ fún un, a ì bá sì lọ sùn. Bí ààlà ṣe fẹ́lẹ́ tó nìyẹn láàárín obìnrin tí ìtàn ń pe orúkọ rẹ̀ àti èyí tí ìtàn fò dá. Irinwó mítà àti ẹgbẹ̀rin mítà kò rí irú oríire yìí.

4. Mo ṣèlérí láti padà sínú omi. Ní ọdún 2008, aṣọ ìwẹ̀ tuntun kan jáde tó ń fún ara pọ̀, tó sì ń jẹ́ kí omi yọ̀ lára òmùwẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2009, òmíràn tí wọ́n fi polyurethane, ohun kan bíi rọ́bà, ṣe tún dé, tó ń gbé òmùwẹ̀ léfòó. Ní ìdíje àgbáyé ní Rome lọ́dún yẹn, àkọsílẹ̀ àgbáyé mẹ́tàlélógójì ló yí padà. Àjọ wọn fi òfin de aṣọ náà láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2010, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn àkọsílẹ̀ sílẹ̀ láìkọ ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó di oṣù Keje ọdún 2011 kí Ryan Lochte tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó tún gbé àkọsílẹ̀ tuntun kalẹ̀ nínú adágún gígùn, ti àádọ́ta mítà. Paul Biedermann ti Jámánì wẹ irinwó mítà ti freestyle ní 3:40.07 ní Rome, Lukas Märtens, ará Jámánì bíi tirẹ̀, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Biedermann kò rú òfin kankan, òfin ìgbà náà gbà á láyè. Nítorí náà gan-an ni ó fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: aṣọ tí wọn kò gbà mọ́ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Áfíríkà náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Rome. Kirsty Coventry ti Zimbabwe, tó jẹ́ Ààrẹ àjọ Òlíńpíìkì àgbáyé báyìí, gbé àkọsílẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nínú igba mítà tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn wẹ̀. A fi í yangàn, a ó sì tún máa fi í yangàn bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa aṣọ ìgbà náà. Àlàyé kì í ṣe ẹ̀gàn. Bí àwọn olùdarí eré omi bá ti ṣe é ní ọdún 2010, gbogbo ẹni tó wẹ̀ lẹ́yìn wọn ni ì bá mọ ibi tí òun dúró.

5. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ẹ ti gbìyànjú. Ní ọdún 2017, àjọ eré orí pápá ti Yúróòpù dá a lábàá pé kí àkọsílẹ̀ tó ti wà ṣáájú ọdún 2005, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ohun àyẹ̀wò pamọ́, di ohun àtijọ́ lápapọ̀. Paula Radcliffe, Mike Powell àti Jonathan Edwards, tí àkọsílẹ̀ tiwọn wà lára èyí tí àbá náà kàn, fi ìbínú kọ̀ ọ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Kò tọ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba kan jẹ Powell, tó fo mítà 8.95 ní Tokyo ní ọdún 1991, níyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbá yẹn kú, ẹ sin gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ọn, bí ẹni pé ìparẹ́ àti ìdákẹ́ nìkan ni ọ̀nà tó wà. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo sì ń béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín ṣe nìyí:

Àkọ́kọ́, kí ẹ tún ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé tẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí bébà, kí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan sì sọ bí wọ́n ṣe wọn afẹ́fẹ́, bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò oògùn lọ́jọ́ náà, bóyá ohun àyẹ̀wò kan ṣì wà nípamọ́ tí a lè tún wò, àti bóyá ìwé ilé ẹjọ́ tàbí ìwé ìjọba kan ti mẹ́nu ba ètò oògùn ní orílẹ̀-èdè náà lásìkò náà.

Èkejì, kí ẹ kọ àbájáde ìwádìí ọdún 1995 sí ẹ̀gbẹ́ 10.49 ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn. Èyí kò gba ìgbìmọ̀ tuntun, ọwọ́ yín ni ìwé náà wà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ yan àwọn òpìtàn, amòfin àti dókítà tí kò sí lábẹ́ yín, kí ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn, kí wọ́n yẹ àwọn ìwé Ìlà-Oòrùn Jámánì wò lórí àkọsílẹ̀ tó ṣì dúró, kí wọ́n gbọ́ tẹnu Koch fúnra rẹ̀ bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ máa gbé ìwé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ tuntun síta lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i, bẹ̀rẹ̀ láti orí 12.12, kí ẹni tó bá ní iyèméjì lè ka bí aago ṣe ṣiṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá gbé àkọsílẹ̀ àgbáyé kalẹ̀ ní ìdíje àgbáyé yín ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí ẹ̀bùn wúrà. Kí ẹ san án pẹ̀lú fún ẹni tó bá sáré ju ohun tó dára jù lọ láti ọdún 2005 lọ, níbi tí àkọsílẹ̀ tó wà níwájú bá ti ní irú àlàyé tí mo sọ yìí. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí McLaughlin-Levrone ṣe nínú òjò Tokyo.

Ìdíje àgbáyé tó kàn yóò wáyé ní Beijing ní ọdún 2027. Àsìkò wà láti ṣe mẹ́rin nínú márùn-ún yìí kí ìbọn tó dún níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn òpìtàn nìkan ló lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń retí ìdáhùn yín, ní gbangba bí lẹ́tà yìí ṣe wà ní gbangba.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùfẹ́ eré sísá kan láti Ìjẹ̀bú-Òde.